Aṣọ Tí A Kò Sá Lóòrùn

Gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn: òwe yìí ni ìyá mi fi tọ́ wa dàgbà ní Ìbàdàn Mesiọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, n kò sì lè sọ pé kò tọ́ wa síre, nítorí pé ilé tó bá ń kó ohun gbogbo síta ni ayé fi ń ṣe ẹlẹ́yà, ẹni tí kò bá sì lè di ẹnu ara rẹ̀ mú ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń di orin lẹ́nu aládùúgbò. Bí ibà bá dá ìyá mi dùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́, tí àlejò yọjú tí ó bèèrè àlàáfíà, 'Ara le, a dúpẹ́' ni yóò dáhùn láti orí ẹní, àlejò náà yóò sì bá tirẹ̀ lọ láìmọ̀ pé eyín ẹni tó dá òun lóhùn ń lu ara wọn. Mo gba òwe náà gbọ́ títí mo fi kọjá àádọ́ta ọdún, mo sì gbà á gbọ́ síbẹ̀, àfi ní ti ohun kan ṣoṣo. Aṣọ tí a bá ká tòun ti omi sínú àpótí yóò bu, yóò sì kó èébu ran èyí tó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àrùn jẹjẹrẹ ọyàn rí nínú ìdílé tó bá bò ó mọ́lẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èmi tí mo ní i, tí wọ́n gé ọyàn òsì mi nítorí rẹ̀, tí mo sì wà láàyè, tí mo ń jẹ, tí mo ń mu, tí mo ń sùn, tí mo ń jí.

Kò sí ẹ̀yà ara tí Yorùbá bọlá fún tó ọyàn abiyamọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣe orí kunkun sí, tí ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, tí ìbáwí kò sì ràn án, ọyàn ni yóò gbé lé ọwọ́ níkẹyìn, tí yóò ní, 'Èyí ni o mu tí o fi di ènìyàn o', ọmọ tí jìnnìjìnnì kò bá sì bò nígbà náà, àwọn ará ilé yóò ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ohun tí ẹnu ń sọ. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ àti omi ọyàn ni a fi ń bẹ ẹni tó fẹ́ ṣe ibi, àwọn náà ni a sì fi ń gé ẹni tó ti ṣe é tán ní ègún. Ìyanu ló wá jẹ́ fún mi pé ohun tí a ń fi búra ní gbangba báyìí, tí a ń fi bọ́ ọmọ láàárín ọjà láìtijú, tí àwọn agbẹ́gilére ń gbẹ́ rọ̀gbọ̀dọ̀ sí àyà ère abiyamọ, ọjọ́ tó bá ṣàárẹ̀ ni ó di ohun tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ mọ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n gbé àbúrò bàbá mi kan wá sí agboolé wa láti ilé ọkọ rẹ̀. Ìyá Aláṣọ ni à ń pè wọ́n, nítorí aṣọ òkè tí wọ́n ń tà ní Ọjẹ́, obìnrin tó lẹ́wà ni wọ́n, ẹ̀rín wọn sì máa ń ṣáájú wọn wọlé. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi wọ́n sí, a kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé wọ ibẹ̀. Èmi ni mo ń gbé àwo ẹ̀kọ dé ẹnu-ọ̀nà, tí ọwọ́ kan yóò nà jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé gbà á, ọwọ́ náà sì ń tín-ín-rín sí i bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Láti àárọ̀ di alẹ́ ni wọ́n ń sun tùràrí nínú ilé wa, síbẹ̀ òórùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ṣe é bò. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ohun tó ṣe wọ́n, àwọn àgbà kan á ní àìsàn obìnrin ni, àwọn mìíràn á ní inú ló ń run wọ́n, àwọn tó pọ̀ jù á kàn mi orí pé ayé le. Kò pẹ́ tí ayé tó le náà fi ní orúkọ: wọ́n ní orogún wọn ni. Obìnrin yẹn, tí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé wọ́n jọ fẹ́ ọkọ kan náà lọ, kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ tòun ti ọmọ lẹ́yìn àti èébú lórí, n kò sì gbọ́ títí di òní pé ẹnikẹ́ni lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìṣirò ohun tí àṣírí ń náni, kí ó kọ́kọ́ ka ti obìnrin yẹn mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ kò jìnnà sí wa nígbà náà tó bí a ti rò. Ilé-ìwòsàn ńlá tí à ń pè ní UCH ti wà ní ìlú wa láti ọdún 1957, láti ọdún 1960 ni wọ́n sì ti ń kọ àwọn tí jẹjẹrẹ bá mú ní Ìbàdàn sínú ìwé níbẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́ náà, jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ló máa ń ṣáájú láàárín àwọn obìnrin; kí ọ̀rúndún tó yí, ti ọyàn ti gba ipò iwájú, kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ṣe fún ọdún 2020 ni pé ó lé ní 28,000 ènìyàn tí ó yọ sí ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan ṣoṣo yẹn, àwọn tó sì bá a lọ lé ní 14,000. Mélòó nínú wọn ni wọ́n sun tùràrí fún?

Ní tèmi, ìdí ìwẹ̀ ni mo ti kàn án: kókó kan tó le, tí kò yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ìka, ní apá òkè ọyàn òsì, níhà abíyá. Kò dùn mí rárá, àìdùn rẹ̀ náà sì ni àrékérekè rẹ̀, nítorí pé ohun tí kò bá roni, a kì í kà á sí àìsàn lọ́dọ̀ wa. Olùkọ́ ni mí, mo ti fi ìdajì ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, nítorí náà mo mọ̀ tó láti má ṣe fi iná sórí òrùlé sùn. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ọyàn náà, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba díẹ̀ lára kókó ọ̀hún lọ sí yàrá àyẹ̀wò, nígbà tí èsì sì jáde, dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo lè bí, kò fi ọ̀rọ̀ yí mi po. Orúkọ àrùn náà gan-an ni ó pè. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè pé, 'Màmá, ǹjẹ́ ẹnìkan ti ní i rí nínú ẹbí yín, lọ́dọ̀ ìyá tàbí lọ́dọ̀ bàbá?' Mo bi í bóyá ti ọ̀dọ̀ bàbá kàn án. Ó ní ó kàn án dáadáa, nítorí pé bàbá lè gba ogún àrùn náà lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, kí ó sì fi lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fi ọjọ́ kan ṣàìsàn. Lójú ẹsẹ̀ ni mo rí ọwọ́ tó máa ń nà jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

Ìyá kan ṣoṣo ló kù láyé nínú àwọn tó tọ́jú Ìyá Aláṣọ, mo sì gba ilé wọn lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, 'Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kí ló ṣe Ìyá Aláṣọ gan-an?' Wọ́n wo ẹnu-ọ̀nà, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n tú ìró wọn, wọ́n tún un ró. 'Kí lo fẹ́ fi ṣe?' Mo ní, 'Àwọn dókítà ló ń bèèrè. Ó ti dé ara mi, Ìyá.' Nígbà náà ni wọ́n fà mí mọ́ra, tí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: 'Ọyàn ni, ọmọ mi. Ó ti jẹ ẹ́ dé àyà kí a tó mọ̀. Ìyá tó bí bàbá rẹ pàápàá, irú rẹ̀ náà ni. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ẹnu mi ni ó ti jáde o.' Lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé, tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti di erùpẹ̀, tí orogún tí wọ́n lé jáde pàápàá yóò ti darúgbó tàbí kí ó ti kú, ẹ̀rù ṣì ń ba ìyá yìí kí ayé má baà gbọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ wa tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó ré òkun lọ sí Yunifásítì Chicago, ti bá àwọn dókítà ilẹ̀ wa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀ràn yìí. Ohun tí iṣẹ́ wọn fi hàn ni pé jẹjẹrẹ ọyàn máa ń tètè yọ sí obìnrin dúdú, nígbà tí ó ṣì ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, àti pé irú èyí tí oògùn bíi Tamoxifen kì í ràn wọ́pọ̀ láàárín wa ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ní ọdún 2018, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé bí a bá kó obìnrin mẹ́jọ tí àrùn yìí mú ní Nàìjíríà jọ, ó tó ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni ó ti jogún rẹ̀. Bí bàbá mi bá fi ilẹ̀ àti ilé sílẹ̀, ẹbí yóò pe ìpàdé, olórí ẹbí yóò jókòó, a ó sì mọ ẹni tó gba èyí àti ẹni tó gba tọ̀hún. Ogún yìí wọ inú ilé wa lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kàn mí, kò sì sí ẹni tó pe ìpàdé.

Wọ́n gé ọyàn náà. Ọ̀rọ̀ gígé yìí ni ó ń lé ọ̀pọ̀ obìnrin padà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀ràn náà kò rí bí ó ti rí látijọ́. William Halsted, oníṣẹ́-abẹ ará Amẹ́ríkà, ni ó sọ gígé ọyàn tòun ti ẹran àyà di àṣà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àṣà náà sì ṣe bí ọba lé gbogbo dókítà lórí, títí Bernard Fisher, oníṣẹ́-abẹ bíi tirẹ̀, fi fi ìwádìí hàn ní ọdún 1985 pé bí àrùn náà kò bá tíì gbilẹ̀, ẹni tí wọ́n mú kókó rẹ̀ nìkan kúrò, tí wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú, ẹ̀mí rẹ̀ ń gùn tó ti ẹni tí wọ́n gé gbogbo tirẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá tètè dé ọjà ni ó ń rí ọjà yàn, àwọn ẹ̀rọ ìtànṣán sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Fún èmi, gígé ni àwọn dókítà yàn. Ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣí ni ní fìlà, ọpẹ́ ni à ń dá. Tèmi ṣí mi ní kọ́mú, mo sì dúpẹ́.

Kẹ́mò, àwọn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ni ó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ. Oògùn pupa kan wà nínú wọn tí wọ́n ń fi sínú iṣan díẹ̀díẹ̀, tó bá ti wọlé tán, ìtọ̀ ẹni yóò pupa, irun orí yóò bọ́ tòun ti ìpéǹpéjú, èékánná yóò dúdú, òórùn ọbẹ̀ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè yóò sì di ohun tó ń lé e jáde nílé ìdáná. Ní ti owó rẹ̀, ilẹ̀ tí a rà sí Akóbọ̀ bá a lọ. Ọkọ mi kò tíì sọ gbólóhùn kan nípa ilẹ̀ náà títí di òní, n kò sì nílò ẹ̀rí mìíràn nípa irú ẹni tí mo fẹ́. Gbogbo obìnrin kọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀ fún; mo mọ àwọn tí ọkọ wọn kó jáde lójú egbò tí kò tíì jinná.

Ohun tí n kò lè gbàgbé jù ni bẹ́ǹṣì tí a ń jókòó sí de nọ́ọ̀sì. Gbogbo wa ló we gèlè bí ẹni tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, gbogbo wa ló sì ń ṣe bí ẹni pé aláìsàn mìíràn ni a sìn wá. Mo bá ọmọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa kan pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, èmi àti òun tí a jọ ń gbé orin láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí a ti jẹun pọ̀ nínú àwo kan. A kí ara wa, a bèèrè ọmọ lọ́wọ́ ara wa, ẹnìkankan kò bi ẹnìkejì léèrè ohun tí ó wá ṣe. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe ìdúpẹ́ ní ilé ìjọsìn, màlúù ni wọ́n pa, àlùfáà sì kéde pé Ọlọ́run yọ arábìnrin náà nínú 'àìsàn kan'. Mo jókòó, mo pàtẹ́wọ́, mo sì ń ronú nípa gbogbo obìnrin tó wà lórí ìjókòó wọ̀nyẹn, bóyá ẹnìkan wà nínú wọn tí kókó wà lọ́yàn rẹ̀ lọ́wọ́ tí ó sì gbà pé òun ti kú tán, tí kò sì mọ̀ pé ẹni tó là á já ló ń jó níwájú òun yìí.

Níbẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti yé mi. Àwọn tí jẹjẹrẹ pa kò ṣe é fi pamọ́. Bí ilé ti wù kí ó bò ó tó, òórùn, pósí àti ariwo ẹkún yóò tú u. Àwọn tó là á já ni a rí fi pamọ́, nítorí pé aṣọ bo àpá wọn. Nítorí náà ojú wa kò rí nǹkan mìíràn àfi òkú, a sì wá gbà láàárín ara wa pé kò sí ẹni tí àrùn náà mú tí kì í kú. Obìnrin tó bá gba èyí gbọ́, kí ni yóò lọ wá ní ilé-ìwòsàn? Ilé agbo ni yóò kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà orí òkè àdúrà, ọjọ́ tí ọyàn náà bá ya ni yóò tó ronú kan dókítà, dókítà kò sì ní ohun púpọ̀ tí ó lè ṣe mọ́; yóò kú, ikú rẹ̀ yóò sì di ẹ̀rí fún ẹni tó kàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn mú, ó lé ní 90 tó ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ní Íńdíà, 66 ni. Ní Gúúsù Áfíríkà, 40. Owó àti ẹ̀rọ wà nínú ìyàtọ̀ yìí, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n àìtètèdé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, àìtètèdé ọ̀hún sì ni owó kò lè wò sàn.

Nígbà tí Betty Ford, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà, gé ọyàn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, kò tíì pé oṣù méjì tí ọkọ rẹ̀ gorí oyè, ó ní kí wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé gbọ́. Àwọn obìnrin rọ́ lọ sí ilé-ìwòsàn, iye jẹjẹrẹ ọyàn tí wọ́n rí sì ga sókè lójijì, kì í ṣe pé àrùn náà pọ̀ sí i, bí kò ṣe pé ojú ló là. Ìyàwó Nelson Rockefeller, ẹni tí Ford yàn láti ṣe igbákejì rẹ̀, wà nínú àwọn tó yẹ ara wọn wò tí wọ́n sì rí tiwọn. Betty mìíràn ni tiwa, Betty Anyanwu-Akeredolu, ọmọ Ímò tó fẹ́ ọkọ ní Ọ̀wọ̀. Ní ọdún 1997 ni ó mọ̀ pé òun ní i, ọdún yẹn náà ni ó sì dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọyàn, sílẹ̀, ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ ní gbangba nígbà tí àwọn èèyàn ń rò pé orí rẹ̀ dàrú, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ogún ọdún lórí rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó di gómìnà Òǹdó ní 2017. Mo ka ohun tí obìnrin yìí ṣe sí ju ọ̀pọ̀ aṣọ pínǹkì tí a ń wọ̀ rìn ní oṣù kẹwàá láti fi polongo àrùn yìí lọ, nítorí pé àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń wò wá lójú títì, aṣọ ẹbí ni wọ́n ń pè é, mo sì ti gbọ́ tí ọ̀kan bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìnáwó.

Ìgbà tí mo lọ rán aṣọ ni èmi náà kọ́kọ́ la ẹnu. Aránṣọ mi na okùn ìwọ̀n kọjá àyà mi, ó tún un nà, ó dúró. Mo ní, 'Má da ara rẹ láàmú, òwú ló wà nínú èyí. Jẹjẹrẹ ni, wọ́n ti gé e.' Okùn ìwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ní, 'Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kan ibí yìí', ó sì ṣí bùbá rẹ̀. Kókó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti ń gbé e kiri láti ìgbà tí ó ti já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú, kò sì sọ fún ọkọ, kò sọ fún ìyá. Mo mú un lọ fún àyẹ̀wò. Kókó lásán ni, wọ́n yọ ọ́, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Nínú àwọn kókó tí obìnrin ń rí lọ́yàn, èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ló pọ̀ jù. Àmọ́ ẹ wo bí ọmọdébìnrin yẹn ti fi ọ̀pọ̀ oṣù gbé ikú tí kò kú karí.

Kì í ṣe pé ẹni tó là á já ti bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Apá òsì mi máa ń wú bí mo bá gbé ohun tó wúwo, nítorí pé wọ́n mú àwọn kókó abíyá kúrò níbẹ̀, odó iyán sì ti di ti àwọn ọmọkùnrin ilé. Lójoojúmọ́ ni mo ń lo Tamoxifen, nítorí pé ti èmi jẹ́ irú èyí tí ó ń ràn, ooru tí ó ń mú bá mi lóru sì kọjá ti ọ̀gbẹlẹ̀. Bí mo bá wúkọ́, ọkàn mi á fò. Bí ẹ̀yìn bá ro mí, mo máa ń ronú kan egungun. Ọmọ mi obìnrin bi mí pé ṣé yóò kan òun náà. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un, mo sì sọ fún un pé èmi rí ẹni bi, àwọn ìyá ẹbí bàbá rẹ̀ ló kù kí ó lọ bèèrè tiwọn.

Ẹ̀yin obìnrin, bí nǹkan oṣù yín bá ti parí, ẹ fi ọwọ́ wo ọyàn yín títí dé abíyá. Kókó tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, orí ọyàn tó wọlé sínú, awọ tó wọ inú tàbí tó le bí èèpo ọsàn, ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ẹnu ọyàn jáde: ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn sun oṣù kan lára yín láìrí dókítà, bí kò bá tilẹ̀ dùn yín. Owó tí ẹ̀yin ọlọ́jà ń fi sínú kọ́mú kò fa jẹjẹrẹ, ẹ yéé bẹ̀rù rẹ̀; olè nìkan ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Ẹ̀yin ọkùnrin, ó ń mú yín náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kì í ju bí ọ̀kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ là á já, ẹ dárúkọ rẹ̀ níbi ìdúpẹ́ yín. Bí ìyá arúgbó kan bá sì kù nínú ilé yín tó mọ irú àìsàn tó pa àwọn ìyá yín àgbà, ẹ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bèèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.